Àìróorunsùn àti iṣẹ́ òòjọ́: kí ni òru tí a kò sùn ń gbà lọ́wọ́ ọ̀sán?

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà "àìsùn" ní ìtumọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ. Àìsùn ni à ń pe òru tí àwọn ọmọ olóòkú fi ń jó, tí wọ́n sì fi ń ṣàlejò, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí wọn yóò sin òkú. Àìsùn náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń pe òru àdúrà. Ènìyàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan irú àìsùn bẹ́ẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò parí. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńlá ń ké gbàjarè lé lórí báyìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n ń sọ nípa ẹni tó ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́, tó ti paná, tí kò sí iṣẹ́ tàbí àlejò tó ń dúró dè é, síbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò kan oorun títí àkùkọ fi kọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti délẹ̀, oríṣiríṣi ni àlàyé tí à ń gbọ́. Àwọn kan ní àròjù ló fà á, àwọn kan ní iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni, ẹlòmíràn a sì ní kí onítọ̀hún ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì kó lo ó, kó gbàgbé. Ohun tó ń da àríyànjiyàn náà rú jù ni pé ohun méjì tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà ni a ń pè lórúkọ kan ṣoṣo: àìráyè sùn àti àìróorunsùn.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àìráyè sùn àti àìróorunsùn?

Òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Mowe tàbí ní Ìkòròdú, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, lè máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà, kí ó má sì wọlé kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ báyìí, oorun ti gbé e lọ nìyẹn. Oorun kò ṣọ̀wọ́n fún un. Àyè tí yóò fi sùn ún ni kò ní. Àìráyè sùn nìyẹn. Ní ti àìróorunsùn, àyè wà, ibùsùn wà, òru sì gùn, ṣùgbọ́n oorun kò wá. Tàbí kó wá, kó sì dá lójú onítọ̀hún ní aago méjì òru, kó má padà mọ́. Tàbí kí ojú rẹ̀ là kedere ní ìdájí nígbà tí kò tíì sùn tó.

Àwọn oníṣègùn kì í ka iye wákàtí nìkan kí wọ́n tó pe ohun tó ń ṣe ènìyàn ní àìróorunsùn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ ní òru mẹ́ta ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù mẹ́ta, ó sì gbọ́dọ̀ máa da ọ̀sán onítọ̀hún láàmú, yálà ní ti iṣẹ́, ní ti ìrántí, tàbí ní ti ìbínú òjijì. Lóòótọ́, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 2015 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa sùn tó wákàtí méje, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn fún wákàtí mẹ́fà, tó jí, tí ara rẹ̀ sì jí pépé, kò ní àìsàn yìí, nígbà tí ẹni tó wà lórí ibùsùn fún wákàtí mẹ́sàn-án lè ní in. Ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100, nǹkan bí 10 ló ń ní èyí tó pẹ́ lára, tí àwọn tí àmì rẹ̀ máa ń yọ sí lára lóòrèkóòrè sì tó 30. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Èdè wa fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ kan tó wúlò gan-an níbí: "ó rẹ̀ mí" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "oorun ń kùn mí". Ẹni tí kò ráyè sùn yóò máa tòògbé nínú danfo, níbi ìpàdé, àní nídìí ọkọ̀ tó ń wà. Ẹni tó ní àìróorunsùn, ó rẹ̀ ẹ́ títí dé eegun, ṣùgbọ́n bí o bá ní kó lọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lọ́sàn-án fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sábàá pa dé. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn "ṣáà lọ sùn díẹ̀" fi ń dun irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju bí olùgbani-nímọ̀ràn ti mọ̀ lọ.

Kí ló dé tí ara tó ti rẹ̀ kò fi rí oorun sùn?

Ohun méjì ló ń mú oorun wá. Èkíní ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine, tó máa ń kó jọ sínú ọpọlọ láti ìgbà tí a bá ti jí. Bí ọjọ́ ṣe ń gùn sí i ló ń pọ̀ sí i, òun ló sì ń jẹ́ kí ìpéǹpéjú wúwo ní alẹ́. Kaféènì inú kọfí máa ń dí ojú ibi tí adenosine ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, kaféènì kan náà ló sì wà nínú obì. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ òru àti àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ti mọ èyí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ ìjìnlẹ̀. Ó tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì kaféènì tó kúrò lára. Nítorí náà, obì tàbí kọfí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì ń ba ènìyàn wíjọ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Èkejì ni aago inú ara, tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ń tò, tó sì ń sọ fún ara ìgbà tó yẹ kó tú melatonin jáde, ìyẹn họ́mónù tó ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé alẹ́ ti lẹ́. Iṣẹ́ tí Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ṣe lórí bí aago yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara kòkòrò kékeré inú èso ló mú kí wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017.

Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìróorunsùn, ohun méjèèjì yìí lè má bàjẹ́ rárá. Ẹ̀ka ara tó ń mú ènìyàn wà lójúfò ni kò gbà láti simi. Ọkàn ń yára lù, ọpọlọ ń ro tibí ro tọ̀hún, ara sì ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ní olè ń bọ̀ lóru òní. Arthur Spielman, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé kan ní ọdún 1987 tí àwọn oníṣègùn ṣì ń lò títí di òní. Ó ní ohun tó ń sọ ènìyàn di aláìróorunsùn pín sí mẹ́ta: ohun tó ti wà lára onítọ̀hún tẹ́lẹ̀, bíi kí ó jẹ́ ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń tètè já, ohun tó dá a sílẹ̀, bí ọ̀fọ̀, gbèsè, tàbí ìwé tí onílé fi ní kó kó jáde, àti ohun tí kò jẹ́ kó lọ.

Ẹ̀kẹta yìí ló yẹ ká farabalẹ̀ wò, nítorí òun ló yà á sọ́tọ̀ sí ìbànújẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Ká ní bàbá ẹnì kan kú, tí kò sì sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sùn ní aago mẹ́jọ kí oorun lè bá a níbẹ̀, ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ó ń wo aago lójú fóònù ní gbogbo ìgbà, ó ń ṣírò iye wákàtí tó kù kí ilẹ̀ mọ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, a fi ọtí tàbí kọfí gbé ara rẹ̀ ró. Oṣù mẹ́fà kọjá, wọ́n ti ṣe ìrántí òkú tán, ọ̀fọ̀ ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ti kọ́ pé orí ibùsùn ni a ti ń jìjàkadì. Ohun tó dá àìsàn náà sílẹ̀ ti lọ. Àìsàn náà jókòó.

Báwo ló ṣe ń wọ inú iṣẹ́?

Ohun tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ máa ń kà ni ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò wá. Àìróorunsùn kì í sábàá hàn níbẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí tí Ronald Kessler ti Yunifásítì Harvard ṣáájú gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí òṣìṣẹ́ 7,428 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé òṣìṣẹ́ 23 ó lé díẹ̀ nínú 100 ló ní àìróorunsùn, àti pé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń pàdánù nínú iṣẹ́ lọ́dún tó iṣẹ́ ọjọ́ 11.3, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 2,280. Fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí bílíọ̀nù 63.2 dọ́là lọ́dún. Púpọ̀ jù lọ nínú àdánù yìí kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò wá síṣẹ́ wá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó wá ló ti wá: wọ́n buwọ́ lùwé ní aago mẹ́jọ, wọ́n jókòó síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò sí níbẹ̀.

A lè fojú inú wo bó ṣe máa ń rí. Akọ̀wé owó ka owó lẹ́ẹ̀mejì, iye tó rí lẹ́ẹ̀kejì kò bá ti àkọ́kọ́ mu, ó ní láti tún un kà. Aránṣọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú gé léèsì oníbàárà kúrú. Olùkọ́ ń bínú sí ọmọ tí kò ṣẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì wo ìwọ̀n oògùn, ó gbójú kúrò, kò sì dá a lójú mọ́ ohun tó kà. Kò sí ẹni tí yóò kọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé pé àìsàn ni. Ọ̀lẹ, aláìbìkítà, oníbìínú ènìyàn, orúkọ tí onítọ̀hún máa ń gbà nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ó ti fi agbára ìlọ́po méjì ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn fi agbára ẹyọ kan ṣe.

Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ń ṣe fi ohun kan hàn tó yẹ kí a mọ̀. Ní ọdún 2003, Hans Van Dongen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n dín oorun wọn kù sí wákàtí mẹ́fà tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ lóru fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì náà fi pé, ìfarabalẹ̀ wọn ti bàjẹ́ tó ti ẹni tí kò sùn rárá fún òru kan sí méjì, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò mọ̀ pé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀. Àìráyè sùn nìyẹn. Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìróorunsùn: àyẹ̀wò a fi hàn pé ìrántí àti ìfarabalẹ̀ wọn ti dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bí wọ́n ṣe ń rò ó, nítorí wọ́n ń sa gbogbo agbára wọn kí àṣìṣe má baà hàn. Ẹnì kìíní léwu nítorí kò mọ̀ pé òun léwu. Ẹnì kejì ń jẹ ìrora ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì, kò ní ran ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́wọ́.

Kí ló dé tí iye owó tí à ń kà kò bára mu?

Nítorí pé ohun tí wọ́n ń wọ̀n yàtọ̀ síra ni. Ìròyìn tí RAND, àjọ olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2016, tó sọ pé Amẹ́ríkà ń pàdánù tó bílíọ̀nù 411 dọ́là lọ́dún, tí Japan sì ń pàdánù tó bílíọ̀nù 138, sọ nípa àwọn tí kì í sùn tó, ohun yòówù kó fà á. Èyí tí àjọ kan náà gbé jáde ní ọdún 2023 dá lórí àìróorunsùn nìkan ní orílẹ̀-èdè 16, ó sì ṣírò ti Amẹ́ríkà sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 207 dọ́là, tó fi mọ́ iṣẹ́ ọjọ́ 44 sí 54 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pàdánù lọ́dún. Orílẹ̀-èdè olówó ni gbogbo wọn, Nàìjíríà kò sí lára wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá mú iye ti Amẹ́ríkà, tó sì fi ṣírò ti Èkó, òǹkà tí kò ní ìpìlẹ̀ ló ń kà.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́, kí ló ń bàjẹ́ nínú ìgbé ayé?

Ẹ̀rù alẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń ṣú, tí àwọn yòókù nínú ilé ń yọ̀ pé iṣẹ́ òní ti parí, ọkàn tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Òun àti ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè má bá ara wọn sùn lórí ibùsùn kan náà mọ́. Kì í fẹ́ lọ síbi ìnáwó, kì í fẹ́ gbàlejò, nítorí kò mọ bí ara òun yóò ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló wúwo jù níbẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, èrò àwọn oníṣègùn ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń fa àìróorunsùn, pé bí a bá wo èkíní sàn, èkejì yóò lọ. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé ẹni tó ní àìróorunsùn láìní ìrẹ̀wẹ̀sì rárá súnmọ́ àtiní ìrẹ̀wẹ̀sì lọ́jọ́ iwájú ní ìlọ́po méjì ju ẹni tó ń sùn dáadáa lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé àìsàn tó dúró fúnra rẹ̀ ni, tó yẹ kí a tọ́jú fúnra rẹ̀. Àìróorunsùn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti àìróorunsùn àti àtọ̀gbẹ, máa ń rìn pọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èwo ló ṣáájú èwo ṣì jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí.

Ní ilẹ̀ wa, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wá ìtọ́jú. Láti ọdún 1954, nígbà tó wà lábẹ́ àbójútó Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ni ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ti ń gba àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà Àrò tàbí ti Yábàá, èrò tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn aráyé ni wèrè. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 gba ipò òfin àtijọ́ tó ti wà láti ayé òyìnbó amúnisìn, ó sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ń gba ìtọ́jú. Ojú tí àdúgbò fi ń wo aláìsàn ni òfin kò tíì yí padà.

Ṣé ariwo ìlú ló fà á?

Ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ agbóhùnsókè ilé ìjọsìn, ilé ọtí tó ń kọrin mọ́jú: ẹjọ́ tí àwọn ará Èkó máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ àjọ LASEPA tó ń rí sí àyíká nìwọ̀nyí. Òdiwọ̀n tí àjọ náà fi lélẹ̀ fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru. Ní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Àwọn kan ní ó pẹ́ jù kí wọ́n tó ṣe é, àwọn mìíràn ní ẹ̀tọ́ ìjọsìn ni ìjọba fọwọ́ kàn, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí.

Ní ti ìṣègùn, ẹni tí ariwo ń jí, tó sì ń sùn fọnfọn nígbà tó bá lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abúlé, kò ní àìróorunsùn; àyíká rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ariwo lè jẹ́ ohun tó dá a sílẹ̀. Bí ariwo bá jí ènìyàn fún oṣù púpọ̀, ìjí náà lè di àṣà ara tó fi jẹ́ pé bí ariwo bá dákẹ́, ojú ṣì ń là ní aago kan náà.

Ta ló yẹ kó gbé ẹrù náà: òṣìṣẹ́ ni, àbí agbanisíṣẹ́?

Èrò àwọn agbanisíṣẹ́ kan ni pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lóru kò kàn wọ́n, níwọ̀n ìgbà tó bá ti dé lásìkò. Àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ ní bí ọ̀gá bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá alẹ́, òun náà ti wọ inú yàrá tí òṣìṣẹ́ ń sùn. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n iye wákàtí iṣẹ́ gan-an, àdéhùn ló fi sílẹ̀ fún. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín wákàtí 24, wákàtí 11 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi láìdáwọ́dúró.

Irú òfin yìí wúlò gan-an fún àìráyè sùn. Ní ti àìróorunsùn tó ti jókòó, wákàtí púpọ̀ sí i lórí ibùsùn nìkan kì í wò ó sàn, ó tilẹ̀ lè dá kún un.

Oògùn ni ìtọ́jú rẹ̀, àbí nǹkan mìíràn?

Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà sọ pé ìtọ́jú tó yẹ kó ṣáájú fún àgbàlagbà ni èyí tó ń tún èrò àti ìwà ẹni lórí oorun ṣe, tí àgékúrú rẹ̀ ń jẹ́ CBT-I. Àwọn onímọ̀ Yúróòpù sọ bẹ́ẹ̀ ní 2017, wọ́n sì tún un sọ ní 2023. Ó máa ń gba ìpàdé bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ. Wọn yóò ní kí ẹni tó ń ṣe má ṣe wà lórí ibùsùn bí oorun kò bá sí. Kó dìde, kó lọ jókòó síbòmíràn títí oorun yóò fi kùn ún, kó sì máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, ì báà sùn, ì báà má sùn. Wọn yóò tún dín àkókò tó ń lò lórí ibùsùn kù, ṣùgbọ́n wọn kì í sábàá jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju wákàtí márùn-ún lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le, kò sì yẹ kí ẹni tó ní wárápá tàbí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ńlá dá a dánwò láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà oògùn ní àlàyé tiwọn. Wọ́n ní ẹni tí kò sùn fún oṣù kan kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àti pé àwọn tó mọ CBT-I ṣe kò pọ̀. Òtítọ́ ni, pàápàá ní Nàìjíríà. Ní England, NICE, àjọ tó ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ kí ilé ìwòsàn ìjọba máa lò, fọwọ́ sí Sleepio, ètò orí fóònù tó ń kọ́ni ní CBT-I, ní ọdún 2022, ó sì fọwọ́ sí oògùn tuntun kan, daridorexant, ní 2023, fún àwọn tí ẹ̀kọ́ náà kò ràn lọ́wọ́ tàbí tí kò sí ní àrọ́wọ́tó wọn. Ṣùgbọ́n diazepam àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń rà láìsí ìwé dókítà, máa ń di bárakú bó bá pẹ́ lára, bí ènìyàn bá sì já a dà nù lójijì, àìsùn tó ju ti àkọ́kọ́ lọ lè padà wá. Ní 2013, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n dín ìwọ̀n oògùn oorun tó ń jẹ́ zolpidem fún obìnrin kù sí ìdajì, láti mílígíráàmù 10 sí 5, nítorí ó ṣì ń wà lára wọn ní òwúrọ̀ tí wọ́n fi ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọtí ní tirẹ̀ a máa tètè gbé ènìyàn sùn, a sì jí i ní ààjìn.

Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi oògùn bẹ̀rẹ̀. Yóò ní kí onítọ̀hún máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìgbà tó dùbúlẹ̀, ìgbà tí oorun gbé e, iye ìgbà tó jí, ìgbà tó dìde, ohun tó mu. Yóò sì bi ẹni tí wọ́n jọ ń sùn léèrè bóyá ó máa ń hanrun, tí èémí rẹ̀ sì máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún mí kanlẹ̀, nítorí àìsàn mìíràn nìyẹn, tí ẹni tó ń ṣe lè máà mọ̀ rárá, tí ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.